Ètò ààbò sáìtì iléeṣẹ́: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kí irin àkọ́kọ́ tó wọlé

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mí ṣáá. "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iléeṣẹ́ ní Àgbárá, ọlọ́dẹ mélòó ni ká gbà?" Tó bá dọ̀la, ẹlòmíì á pè láti Ṣágámù tàbí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ìbéèrè yẹn náà ni. Èmi náà á wá béèrè tèmi: ta ló máa ka irin bó bá ń wọlé? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ máa wà? Ta ló láṣẹ láti ní kí ọkọ̀ jáde? Bí ẹ ò bá tíì rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀ báà gba ogún ọlọ́dẹ, ẹrù yín á ṣì máa lọ.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ti fi yé mi ni pé ẹrù tó ń fo fẹ́ǹsì lóru ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń gba ẹnu géètì jáde lọ́sàn-án gangan, tòun tìwé. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ géètì ju ọ̀rọ̀ kámẹ́rà lọ.

## Kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun débẹ̀

1. Ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Lọ́sàn-án, ẹ máa rí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ará abúlé ti ń gbà lọ sóko kẹ́ ẹ tó ra ilẹ̀. Lálẹ́, ẹ máa rí ibi tó ṣókùnkùn àti àwọn tó máa ń jókòó síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dí ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn láìla òmíì fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, wọ́n á dá ihò sí i lára. Ihò tí ìyá àgbà ń gbà lọ sóko rẹ̀ yẹn náà ni olè máa gbà.

2. Ẹ tẹ̀ lé ojú àgbàrá. Ibi tí omi òjò ń gbà jáde lábẹ́ fẹ́ǹsì, èèyàn lè gbà á wọlé. Irin 16mm ni kẹ́ ẹ wẹ́dì síbẹ̀, kí àlàfo wọn má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí omi lè kọjá kí èèyàn má lè kọjá. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù dí i o. Bí omi ò bá ríbi gbà, ògiri yín ló máa wó tí òjò bá ti le.

3. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà sórí ìwé kan, kẹ́ ẹ sì fi síbẹ̀ ibi tí géètì, ọ́fíìsì, sítọ́ọ̀, táǹkì dísẹ̀lì, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ibi ìjẹun máa wà. Sítọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹni tó wà ní géètì ti lè rí ilẹ̀kùn rẹ̀. Táǹkì dísẹ̀lì ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ fẹ́ǹsì rárá. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítọ́ọ̀. Ìta géètì ló yẹ ẹ́.

4. Ẹ gba ìwé ètò iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà, kẹ́ ẹ kọ oṣù tí ẹrù olówó ńlá kọ̀ọ̀kan máa dé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé yìí lẹ máa fi mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ fi ọlọ́dẹ kún ọlọ́dẹ.

5. Ẹ fi owó ààbò sínú ìṣirò iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ò bá sí nínú ìṣirò, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ sanwó rẹ̀ bó bá dóṣù kẹfà. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn kọngilá kọ̀ọ̀kan pé ẹrù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ títí dọjọ́ tí sítọ́ọ̀ yín bá gbà á wọlé, àti pé ẹ láṣẹ láti yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wáyà bá sọnù, kọngilá á ní ti yín ni, ẹ̀yin náà á ní ti kọngilá ni.

## Ọmọ onílẹ̀ àti ará àdúgbò

Lọ́dún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tó ń dáàbò bo dúkìá, tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi tipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀, kó má sì máa gbowó ipá lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ bá dúró síwájú tírípà láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ da kọnkéré, kọnkéré ò ní dúró de ilé ẹjọ́. Ẹ parí ọ̀rọ̀ yìí kí katakata tó dé.

- Ẹ lọ kí baálẹ̀ àti olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Kí ọ̀gá iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, kó má rán dírẹ́bà. Àbẹ̀wò ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n á fi máa rántí yín.
- Ẹ má ṣe san owó ìpìlẹ̀ lónìí, owó fẹ́ǹsì lọ́la, owó dẹ́kìn lọ́túnla. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan ṣoṣo níwájú lọ́yà, kí àwọn tó láṣẹ lẹ́bí buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì san án sí báǹkì.
- Ẹ gba ọmọ àdúgbò síṣẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ iye èèyàn tẹ́ ẹ máa gbà ní gbangba.
- Ẹ fún wọn ní ẹnì kan tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀, tó ń gbé fóònù, tó sì gbédè. Eruku tó ń bà lé aṣọ tí wọ́n sá, ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru, ọkọ̀ tó tẹ ewúrẹ́ pa: ìwọ̀nyí ló ń di ìjà tí ẹnikẹ́ni ò bá tètè dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ lọ rí DPO, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà ní tẹ́ṣàn tó sún mọ́ yín, ẹ dé ọ́fíìsì Sífù Dìfẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tó wà ládùúgbò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni Àmọ̀tẹ́kùn ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì mọ inú igbó. Wọn kì í ṣe ọlọ́dẹ yín o, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

## Fẹ́ǹsì, géètì àti iná

Ògiri tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ pẹ̀lú wáyà ẹlẹ́gùn-ún lórí ló dáa jù. Ẹ kọ́ ọ kẹ́ ẹ tó kọ́ ohunkóhun míì. Bí owó ò bá tíì tó ìyẹn, ẹ fi ògiri yí apá ibi tí sítọ́ọ̀, táǹkì àti ẹ̀rọ máa wà ká, kẹ́ ẹ fi páànù tàbí àwọ̀n onírin yí ìyókù ká. Sáìtì kékeré tó ní fẹ́ǹsì gidi nínú sáìtì ńlá sàn ju fẹ́ǹsì hẹ́gẹhẹ̀gẹ tó yí gbogbo ilẹ̀ ká lọ.

Géètì kan ṣoṣo ni kí ẹrù máa gbà. Ẹ ṣe ìkejì sí ẹ̀yìn fún ìgbà tí iná bá sọ, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù dí i láé. Ọwọ́ ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà tọ̀sántòru. Mo ti rí sáìtì tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà àjálù wà nínú àpò mánéjà, tí mánéjà sì wà ní Ìkẹjà. Bí iná bá sọ nídìí àwọn wẹ́dà lọ́jọ́ náà, ibo ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa gbà?

Ẹ má kó ohunkóhun sí ìdí fẹ́ǹsì, nínú tàbí níta, kó jìn sí i ní mítà mẹ́ta ó kéré tán. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò síbẹ̀, àkàsọ̀ ni fún olè.

Ní ti iná, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe ni pé wọ́n á kọjú iná sí sáìtì, ojú ọlọ́dẹ á wá máa ṣú, kò ní rí ohun tó wà níta. Ara fẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí. Ẹ fi iná sólà síbi tó ṣe pàtàkì jù: géètì, ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, táǹkì. Alẹ́ tí iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ bá jọ kú ni olè ń dúró dè.

## Ọlọ́dẹ mélòó? Ìṣirò rẹ̀ rèé

Bí ẹnì kan bá gbọ́dọ̀ wà níbì kan tọ̀sántòru, wákàtí 12 sí 12, ìgbà iṣẹ́ mẹ́rìnlá ló wà lọ́sẹ̀. Bí ọlọ́dẹ kan bá ṣe mẹ́fà lọ́sẹ̀, tó sinmi lọ́jọ́ kan, ẹni méjì á ṣe méjìlá, á ku méjì. Ìyẹn ni pé ibùdó kan ń fẹ́ èèyàn mẹ́ta, kì í ṣe méjì. Ẹni tó bá gba méjì, ó ti gba ọlọ́dẹ tó ń sùn, nítorí ara ò ṣe irin. Ẹ ka ibùdó yín: géètì, sítọ́ọ̀, ẹni tó ń rìn yí ká. Ẹ fi mẹ́ta sọ iye yẹn di púpọ̀.

Kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu ìwé pẹ̀lú iléeṣẹ́ ọlọ́dẹ:

1. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín. Àjọ NSCDC tá a mọ̀ sí Sífù Dìfẹ́ǹsì ló ń fún wọn. Ẹ wo déètì rẹ̀, bó ṣì ń ṣiṣẹ́.
2. Ẹ má gbà kí ọlọ́dẹ aládàáni gbé ìbọn wọ sáìtì. Òfin ọdún 1986 tó de iléeṣẹ́ ọlọ́dẹ ò gbà á láyè. Bó bá di dandan pé ẹ nílò ẹni tó gbé ìbọn, ẹ kọ̀wé sí ọlọ́pàá tàbí Sífù Dìfẹ́ǹsì.
3. Ẹ béèrè iye tó ń dé ọwọ́ ọlọ́dẹ gan-an, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ̀ ń san fún ọ̀gá rẹ̀. Láti ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ti di 70,000 náírà. Ẹ kọ iye tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn sínú àdéhùn, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á.
4. Ẹ ní kí wọ́n mú obìnrin wá pẹ̀lú. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.
5. Ẹ máa pààrọ̀ ibùdó wọn lóṣooṣù. Ẹni tó bá pẹ́ níbì kan á lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí ń dùn mí. Èèyàn á fi ẹni tí kò tíì gbowó oṣù méjì ṣọ́ wáyà tó tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, á tún máa yà á lẹ́nu pé nǹkan sọnù. Ẹ fún wọn ní ibi tí òjò ò ti ní máa pa wọ́n, bàtà òjò, tọ́ọ̀ṣì, omi mímu àti ṣáláńgá. Owó rẹ̀ ò tó ti rọ́ọ̀lù wáyà kan.

## Ẹnu géètì

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀.

Bí ẹrù bá ń wọlé

1. Ọkọ̀ á dúró síta. Ọlọ́dẹ á kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ dírẹ́bà àti ohun tó gbé sínú ìwé ńlá géètì. Ìwé tó ní nọ́ńbà lójú ewé kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́nikẹ́ni má lè fa ewé ya.
2. Ọlọ́dẹ á pe sítọ́ọ̀. Bí sítọ́ọ̀ ò bá retí ẹrù náà, ọkọ̀ ò ní wọlé, ẹni yòówù tó rán an.
3. Ẹni mẹ́ta á ka ẹrù: sítọ́ọ̀kípà, aṣojú kọngilá, ọlọ́dẹ. Kí kálukú ka tirẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó fi iye wéra.
4. Ẹ̀yìn kíkà ni wọ́n tó buwọ́ lu wébíìlì, ìyẹn ìwé tó bá ẹrù wá. Dírẹ́bà á máa kánjú, á ní òun fẹ́ tètè padà sÓgèrè. Ẹ jẹ́ kó dúró.

Fún irin, ẹ fi iye àti ìwọ̀n dán an wò. Nínú tọ́ọ̀nù kan irin tó gùn ní mítà 12, irin 12mm máa ń tó nǹkan bí 94, 16mm tó 53, 20mm tó 33 tàbí 34, 25mm tó 21 tàbí 22. Bí iye bá pé tí ìwọ̀n ò pé, irin tó tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ ni wọ́n gbé wá. Ẹ pe ẹnjiníà kó fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ bí irin ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò ní ti olè nìkan, ẹ̀mí àwọn tó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé náà ló wà níbẹ̀.

Bí ẹrù bá ń jáde

1. Kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ jáde láìsí ìwé ìjáde tó ní nọ́ńbà, tó jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹni méjì láti ẹ̀ka méjì ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Sítọ́ọ̀kípà àti ọmọ abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni méjì.
2. Àpẹẹrẹ ìbuwọ́lùwé àwọn tó láṣẹ gbọ́dọ̀ wà lára ògiri nínú yàrá ọlọ́dẹ.
3. Ẹrù ò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Àìkú.
4. Wọ́n á yẹ báàgì gbogbo èèyàn wò, bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀gá pátápátá. Obìnrin ló ń yẹ obìnrin wò. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ kí èèyàn, ẹ ní kó ṣí báàgì fúnra rẹ̀, ẹ dúpẹ́.
5. Irinṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ gbé láti ilé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń wọlé, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi ní èyí tó kù. Ní sáìtì kan tí mo bójú tó ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú, tírípà kan ń kó pàǹtí jáde ní ọjọ́ Sátidé: pákó fífọ́, àpò sìmẹ́ǹtì tó ṣófo, bébà. Ìwé ìjáde rẹ̀ pé, ìbuwọ́lùwé méjèèjì pé. Ọmọkùnrin kan wà ní géètì tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó gba ìwé, ó kà á, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo táyà ẹ̀yìn. Ó ní, "Ọ̀gá, bébà ò lè tẹ táyà báyìí." Dírẹ́bà ń fọn fèrè, súpáfáísọ̀ kan ń pariwo pé kó ṣí géètì. Ọmọ náà ò ṣí i. Nígbà tí wọ́n da pàǹtí sílẹ̀, irin 25mm ló wà nísàlẹ̀, tí wọ́n gé ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, tí wọ́n tò ó jọ bí ìdì ìgbálẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó buwọ́ lùwé yẹn, a jọ ń jẹun ni. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kó pàǹtí sọ́kọ̀ ní sáìtì mi láìsí ọlọ́dẹ tó dúró tì í láti ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

## Ohun tí olè ń wá ń yí padà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Ètò tó dáa lóṣù kìíní á ti gbó bó bá dóṣù kẹjọ.

Nígbà tí katakata ń tún ilẹ̀ ṣe, dísẹ̀lì àti bátìrì ni wọ́n ń wá. Ẹ yọ bátìrì katakata lálaalẹ́, kẹ́ ẹ tì í mọ́ sítọ́ọ̀. Ní ti dísẹ̀lì:

1. Ẹ ti ọ̀pá ìwọ̀n bọ táǹkì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, níṣojú ẹni méjì.
2. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ láti ara mítà rẹ̀, kì í ṣe láti ẹnu dírẹ́bà.
3. Ẹ fi wéra. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń jẹ lítà 15 ní wákàtí kan, tó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, lítà 120 ló yẹ kó lọ. Bí ọ̀pá bá ní 150 ti lọ, ẹ béèrè ọgbọ̀n lítà yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá di òpin oṣù, kò sẹ́ni tó máa rántí.

Nígbà kọnkéré, sìmẹ́ǹtì àti irin ló kàn. Ẹ ka àpò tó ṣófo lójoojúmọ́. Iye tó jáde ní sítọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ bá iye àpò òfìfo mu.

Wáyà iná ló le jù. Kọ́pà ń tà, kò sì ṣòro láti gbé. Ìgbà tó burú jù ni ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ti rì í mọ́lẹ̀ tán, tí iná ò tíì wọ inú rẹ̀, nítorí iná ò ní gbé ẹni tó bá gé e. Ohun tí mò ń ṣe rèé:

1. Mi ò kì í gbà kí gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n máa lò ní ọ̀sẹ̀ méjì ló ń wọlé.
2. Ọ̀pọ̀ wáyà ńlá ni wọ́n tẹ nọ́ńbà mítà sí lára. Mo máa ń kọ nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin sílẹ̀, mo sì ń yà á ní fọ́tò.
3. Gbogbo àjákù á padà sí sítọ́ọ̀, a ó wọ̀n ọ́n ní kílò. Bí àjákù ò bá jọ ẹnikẹ́ni lójú, odindi wáyà ni wọ́n á máa sọ di àjákù.
4. Ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ́ wáyà sínú kòtò ni wọ́n gbọ́dọ̀ bò ó. Kòtò ò gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.
5. Ẹni tó ń ra irin àlòkù ò gbọ́dọ̀ wọ sáìtì. Ọ́fíìsì nìkan ló ń ta àlòkù, lọ́jọ́ kan lóṣù, pẹ̀lú rìsíìtì.
6. Mo máa ń fi ọlọ́dẹ méjì kún alẹ́ láti ọjọ́ tí rọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bá dé títí dọjọ́ tí iná bá wọ wáyà.

Òru òjò, ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ọjọ́ ọdún Iléyá: ẹ fi èèyàn kún iṣẹ́ lọ́jọ́ wọ̀nyí. Ariwo òjò lórí páànù ń bo ariwo ayùn irin mọ́lẹ̀.

## Àwọn èèyàn inú sáìtì

Kí lébìrà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó ní fọ́tò, kí kọngilá kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀ fún fẹ́ẹ̀sì, ẹ̀wù tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ lé aṣọ, kí ẹni tó wà níbi tí kì í ṣe tirẹ̀ lè tètè hàn. Fóòmànù tó bá mú èèyàn wá láti oríta láàárọ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ wọn kí wọ́n tó wọlé. Ẹ mọ àwọn tó ń sùn sí sáìtì lórúkọ. Ẹ má sanwó lébìrà ní owó tútù. Báǹkì ni kẹ́ ẹ san án sí, nítorí ọjọ́ Sátidé tí owó ń wọ sáìtì, gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Ìyá olóúnjẹ ń kọ́? Ìta géètì ni kẹ́ ẹ kọ́ àtíbàbà tó dáa fún wọn, nítorí kúlà ńlá lè gbé nǹkan jáde. Ẹ má lé wọn. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì òun ẹ̀wà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹni yìí ti jẹun níbí lọ́jọ́ mẹ́ta, kò sì ṣiṣẹ́ níbí. Ó ń bi àwọn ọmọ pé ìgbà wo ni wáyà ń dé." Kámẹ́rà wo ló máa gbọ́ ìyẹn?

## Kámẹ́rà

Ó wúlò, bẹ́ ẹ bá ti ṣe ohun tó wà lókè. Ẹ fi sí géètì, ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ àti táǹkì. Kó máa lo sólà. Àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wà ní yàrá ọlọ́dẹ, torí òun ni olè máa kọ́kọ́ gbé. Ẹ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ géètì pé kámẹ́rà wà. Láti ọdún 2023 ni òfin ti wà lórí àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni ní Nàìjíríà, àwòrán èèyàn sì wà lára rẹ̀. Bí owó ò bá tó, ẹ ra iná, kẹ́ ẹ sì gba ajá méjì tó ń gbó dáadáa.

## Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ lẹ èyí mọ́ ògiri géètì, ní Yorùbá àti Òyìnbó:

- 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. L'Ékòó, 767 náà ń ṣiṣẹ́.
- Nọ́ńbà DPO, panápaná, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa, mánéjà.
- Bí àwọn tó gbé ìbọn bá dé: ẹ má bá wọn jà. Ẹ fọn fèrè bí ọ̀nà bá wà, ẹ sá, ẹ fara pamọ́, ẹ pè. Kò sí wáyà tó tó ẹ̀mí.
- Bí iná bá sọ: ẹ ṣí géètì méjèèjì kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun míì.

Bí ọwọ́ bá tẹ olè, ẹ tì í mọ́ yàrá kan, ẹ fi ẹni tó lákìíyèsí ṣọ́ ọ, ẹ pe ọlọ́pàá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lù ú. Mo bẹ̀ yín lórí èyí. Inú á bí àwọn òṣìṣẹ́, ẹnì kan á gbé pákó, ẹlòmíì á máa wá táyà. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ nígbà náà ni láti dáàbò bo olè. Ọmọ ẹnì kan lòun náà, ilé ẹjọ́ ló sì ni ìdájọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́ ọlọ́dẹ yín ní èyí lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Fún àwọn ọ̀gá àti ẹnjiníà tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá: ẹ má gba ọ̀nà kan náà ní aago kan náà lójoojúmọ́, ẹ kúrò ní sáìtì kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹnì kan sì mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ délé.

## Ohun tí ọlọ́dẹ alẹ́ á wò kó tó gbà iṣẹ́

☐ Àgádágodo sítọ́ọ̀ àti táǹkì, ó fọwọ́ fà á
☐ Bátìrì katakata, ó kà á
☐ Ọ̀pá ìwọ̀n dísẹ̀lì, ó kọ ọ́
☐ Ìdí fẹ́ǹsì, ó rìn ín yí ká tòun ti ẹni tó fẹ́ lọ sílé
☐ Orúkọ àwọn tó ń sùn sí sáìtì
☐ Kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn, ó dì í mú
☐ Fóònù ní iná àti kírédíìtì

## Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn léwu ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Kọngilá ń kó ẹrù rẹ̀ lọ, mọ́tò ń jáde léraléra, ojú ti rẹ ọlọ́dẹ. Ẹ fún kọngilá kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ láti kó ẹrù, kí ẹni méjì má kó lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi ìwé ìwọlé irinṣẹ́ rẹ̀ dán ohun tó ń kó wò. Ẹ gba káàdì àti fẹ́ẹ̀sì padà, kẹ́ ẹ gé káàdì. Nígbà tí ẹ bá fa iléeṣẹ́ lé onílé lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo àgádágodo níṣojú rẹ̀, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ tuntun fún un pẹ̀lú ìwé ńlá géètì láti ewé kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, kó sì buwọ́ lù ú pé òun ti gbà á.